Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Bí A Ti Ń Béèrè Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà nílùú Kánò àti agbègbè rẹ̀,

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dìde, ó ní òun fẹ́ fi ẹjọ́ ọmọ iṣẹ́ òun sùn. Ó ní láti àárọ̀ tí ọmọ náà bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, fóònù ló máa ń tẹjú mọ́. Bí òun bá bá a wí, á ní òun ń béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bàbá náà ní, "Kí ló fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àjèjì? Ṣé èmi tí mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú ni?" Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Àwọn kan ní kí wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kúkú dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi tí wọ́n fi ṣe alága bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹjọ́ tí èèyàn ń dá. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbéra, mo di Farm Centre, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ọmọ mi, fi ohun tí o ń wò hàn mí." Ohun tó fi hàn mí ló di àpilẹ̀kọ yìí.

Ó ní nígbà tí ọ̀gá òun lọ sílé fún ìsìnkú lákòókò ọyẹ́ kan, Alhaji kan gbé fóònù wá tí kò gba iná mọ́. Ọmọ náà rò pé nǹkan kan ló jó nínú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ti ń múra láti tú u kó fi ẹ̀rọ oníná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ bá ń mì. Bó bá bà á jẹ́, níbo ni yóò ti rí owó fóònù ọlọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ló bá kọ ìbéèrè sí agbo kan tí wọ́n ń pè ní iFixit. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé, "Fóònù mi kò gba iná, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Kò rí ìdáhùn gidi. Ẹnì kan kàn bi í pé: irú fóònù wo ni? Ṣáájà wo lo lò? Ṣé ó máa ń gba iná bí o bá mi okùn rẹ̀? Ṣé o ti tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí wọ́n ń ki ṣáájà bọ̀?

Ọmọ náà wá tún ìbéèrè náà kọ, ó dáhùn gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó pa fóònù náà, kó mú igi pẹlẹbẹ tí a fi ń ta eyín, kó má lo abẹ́rẹ́ irin rárá, kó rọra fi tú ohun tó wà nínú ihò náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, eruku ọyẹ́ àti òwú àpò ṣòkòtò ló jáde! Ó ki ṣáájà bọ̀ ọ́, iná wọlé. Owó péréte ni Alhaji san lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, fóònù gbogbo ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ èrè oníbàárà náà títí dòní, kò sì mọ ibi tí ó ti wá.

Nígbà tí mo délé, mo ronú sí i. Àwọn bàbá wa tó bá rélùwéè wá síbí, ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Kánò parí ní 1912, ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ níbí kò mọ ọwọ́ kò mọ ẹsẹ̀. Yóò béèrè ibi tí àwọn ará rẹ̀ wà. Yóò béèrè bí wọ́n ti ń kí àgbà ní Hausa, ohun tí wọ́n ń pe iyọ̀, àti ẹni tó ń ta ọjà láì rẹ́ni jẹ. Ẹni tó tijú láti béèrè, òun ló kọ́kọ́ jẹ gbèsè. Ẹ̀yin tó máa ń gbọ́ BBC lédè Hausa náà mọ ètò tí wọ́n ń pè ní Amsoshin Takardunku, tí àwọn olùgbọ́ fi ń kọ ìbéèrè ránṣẹ́ tí wọ́n sì fi ń dá wọn lóhùn lórí afẹ́fẹ́. Ìbéèrè kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀nà tó gbà ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tí agbo ìbéèrè àti ìdáhùn yìí jẹ́, bí mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Ibi kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí nǹkan rú lójú yóò ti kọ ìbéèrè rẹ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sì dá a lóhùn. Gbogbo ayé ló ń kà á. Ìdáhùn náà kì í lọ bọ̀rọ̀, ẹni tí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ bá bá lọ́dún mẹ́ta sígbà náà lè ká a níbẹ̀. Ibi tó fi yàtọ̀ sí ìtàkúrọ̀sọ lásán nìyẹn.

iFixit tí ọmọ yẹn lò, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì ní Kalifóníà, Kyle Wiens àti Luke Soules, ló dá a sílẹ̀ ní 2003. Kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wọn ló bàjẹ́ tí kò rí ìwé tí yóò fi tún un ṣe, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra wọn fún aráyé. Nílé wa níbí, ọmọ Yorùbá kan, Seun Osewa, dá Nairaland sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005, gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló sì ń pàdé níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé, ọkọ̀ àti ìṣèlú. Ní 2008, Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá Stack Overflow sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá irú rẹ̀ mìíràn sílẹ̀ fún ìṣirò, èdè àti oríṣiríṣi ẹ̀kọ́. Ní 2009, Adam D'Angelo àti Charlie Cheever tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Facebook dá Quora sílẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ ohun gbogbo.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ya ìdáhùn rere sọ́tọ̀ kúrò lára burúkú wù mí gan-an. Ní Stack Overflow, bí ìdáhùn rẹ bá wúlò fún ẹnì kan, yóò tẹ ọfà tó kọjú sókè, ìwọ yóò sì gba máàkì 10. Bí ẹni tó béèrè bá gbà pé ìdáhùn rẹ ló yanjú ọ̀rọ̀ òun, máàkì 15 ni. Bó bá jẹ́ ìsọkúsọ lo kọ, wọ́n á tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀, wọ́n á sì yọ máàkì kúrò nínú tìrẹ. Ìdáhùn tó dára jù á gòkè, èyí tí kò dára á wálẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀, orúkọ rere ni. Bí ọ̀rọ̀ ìpàdé wa náà ì bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá pariwo jù kò ní máa borí!

Ẹ má ṣe rò pé kí èèyàn ṣáà ti kọ nǹkan síbẹ̀ ló tó. Ohun tí ọmọ yẹn kọ́ kí ó tó rí ìdáhùn, ẹ̀kọ́ ni fún gbogbo wa. Èkíní, wá a kí o tó béèrè, nítorí ẹlòmíràn lè ti béèrè rẹ̀. Èyí yóò tún dín dátà kù fún ọ, pàápàá láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Èkejì, sọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀: irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, ohun tí o ti gbìyànjú, ohun tó ṣẹlẹ̀. Aláìsàn tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní "ara mi kò yá" tó sì dákẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ tọ́jú? Ẹ̀kẹta, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹrin, padà wá sọ bó ti rí, kí o sì dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ ṣọ́ ọ níbi kan. Ó yàtọ̀ kí ọmọ béèrè bí a ti ń ṣe ìṣirò, ó yàtọ̀ kí ó ní kí wọ́n bá òun ṣe é, kí ó sì dà á kọ. Èyí àkọ́kọ́ á jẹ́ kó yege ní WAEC. Èkejì á mú un dójú tì í nígbà tó bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò tí kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí èmi ń ṣe nílé mi ni pé, bí ọmọ bá rí ìdáhùn, mo máa ń ní kó ti fóònù, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Èmi kò kàwé ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ, nítorí náà bó bá yé mi, ó yé òun náà nìyẹn.

Èyí tó burú níbẹ̀ wà, mi ò sì ní fi pamọ́. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Ó béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn tó ń lò lójoojúmọ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà dá a lóhùn pé kó jáwọ́ nínú rẹ̀, kó máa mu àgbo kan tí òun ń tà. Ìyá náà fi owó ránṣẹ́, ó gba àgbo, ó jáwọ́ nínú oògùn. Kò pé oṣù kan tó fi ṣubú lójú ọjà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n títí di bí mo ti ń kọ èyí, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò. Nígbà tí a wá ẹni tó dá a lóhùn lọ, kò sí orúkọ, kò sí ilé, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ lè kà nípa àìsàn kó lè yé yín, ẹ lè kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi dókítà yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí yín, tí kò wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kò gbọ́dọ̀ sọ oògùn tí ẹ máa jáwọ́ nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ má kọ nọ́ńbà BVN, NIN tàbí káàdì bánkì yín síbẹ̀, bí ó ti wù kí ẹni tó béèrè rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ dídùn tó. Ìdáhùn gidi kì í ní kí o san owó kí o tó gbọ́ ọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn. Kó tó pé oṣù kan, ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Stack Overflow fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ìdáhùn rẹ̀ kọ síbẹ̀, nítorí pé ó máa ń jọ òótọ́ lójú, àṣìṣe sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Ohun tí mo ní ni pé, ẹni tó bá fún ọ ní ìdáhùn, yálà èèyàn tàbí ẹ̀rọ, bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọ̀kan tún wà tó kan àwa tí a ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ìbéèrè kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ìbéèrè, ìjà ni. "Ẹ̀yà wo ló dára jù?" "Ẹ̀sìn wo ló burú jù?" Ọmọ wa kan lè jókòó sí Sabon Gari, kó fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tó gba bàbá bàbá rẹ̀ lálejò. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀rọ̀ òfin, ẹ rántí pé a ní ṣọ́ọ̀bù níbí, a ní ilé níbí, a sin àwọn òbí wa síbí. Bí ẹ bá rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó rí ajá tó ń gbó lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi kí n tó dákẹ́. Ọmọbìnrin mi tí a bí síbí, tí Hausa dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ló dé tí a fi ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ la bá a." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo ní kó bá mi béèrè nínú agbo kan, ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa kan sì ṣàlàyé. Ogún ni ìpìlẹ̀ ìṣirò wa. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, àádọ́ta ni. Bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin, àádọ́rin ni. Nítorí náà, 45 jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, tí a sì tún yọ márùn-ún. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ka owó, n kò mọ̀ pé ìṣirò ni mò ń ṣe!

Níbẹ̀ náà ni ọmọ mi ti fi ìbéèrè ọkùnrin kan hàn mí, tó ní ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, lòun ń gbé. Níbẹ̀, lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ èrò máa ń lọ sétí òkun láti ṣe ọdún Iemanjá. Ọkùnrin náà ní orin tí àwọn ìyá òun ń kọ kún fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó béèrè ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Ẹ̀sìn tèmi yàtọ̀, ṣùgbọ́n èdè mi ni. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sẹ́kọ́ńdìrì mi kọ ọ́ pé Yemọja ni, pé ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé "yèyé ọmọ ẹja" ló di bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní òun yóò ka á fún ìyá òun. Ọmọbìnrin mi wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé àwọn èèyàn tó jìnnà tó báyìí ló ń wá èdè wa?" Láti ọjọ́ náà, kò tún fi Hausa dá mi lóhùn nínú ilé mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a sá fún nǹkan yìí. Àwọn ọmọ mọ fóònù, àwa la mọ ohun tó yẹ kí a kọ síbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí a kò bá dáhùn ìbéèrè nípa ara wa, ẹlòmíràn á dáhùn rẹ̀ fún wa, á sì sọ ọ́ bó ti wù ú. Ẹ sì má gbàgbé pé agbo tí wọ́n dá sílẹ̀ lè tú ká. Yahoo Answers tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n tì í pa lọ́jọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ìdáhùn tó bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ dà á kọ sínú ìwé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo rò fún ìpàdé bí mo ti rí i. Mo ní kí ọmọ náà dìde kó sọ ìtàn fóònù Alhaji. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Mo rò pé ẹ máa sọ pé mo fojú di yín." Ibẹ̀ la ti rí i pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi díẹ̀díẹ̀. A ní kí ọmọ náà máa wo fóònù nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ nílẹ̀, kó sì máa sọ ohun tó bá kà fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọjà oníbàárà. A ní kí ọ̀gá náà jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá náà pè mí lórí fóònù, ó rọra rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Alága, rédíò àtijọ́ kan wà nílé mi tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ rò pé ọmọ yìí lè bá mi béèrè?"

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, a máa ń fi ìdajì wákàtí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á mú fóònù jáde, àwọn àgbà á mú ìbéèrè wá, àwọn àgbà náà á sì dáhùn èyí tí aráyé ń béèrè nípa Yorùbá. Ẹ máa bọ̀ o, ẹ kó àwọn ọmọ yín dání. Abéèrè kì í ṣìnà. Ó dìgbà kan ná.